Ẹ̀rí Ni Kí A Máa Fi Tọ́jú Aláìsàn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì tàbí ti owó orí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀, nǹkan bí obìnrin 75,000 ni oyún tàbí ìbímọ ṣekú pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2023. Ní gbogbo àgbáyé lápapọ̀, iye wọn tó nǹkan bí 260,000. Bí a bá fi iye méjèèjì wé ara wọn, a ó rí i pé nínú ìyá mẹ́wàá tí ó kú bẹ́ẹ̀ láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ya lára ìyá lẹ́yìn ìbímọ sì wà lára àwọn ohun tí ó ń pa wọ́n jù lọ.

Nígbàkigbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹ́ yọ, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé ilé ìwòsàn kò tó, dókítà kò tó, ìjọba kò sì náwó tó. Òtítọ́ ni, a kò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa. Aláìsàn tí ó ti dé ilé ìwòsàn, tí ó bá dókítà àti nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́, ṣé ìtọ́jú tí a ti dán wò, tí a sì ti rí i dájú pé ó ń gba ẹ̀mí là, ni a ń fún un? Àbí a kàn ń ṣe é nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti bá a?

Èrò tiwa ni pé kò sí ohun kan tí a ń ṣe fún aláìsàn tí ó ga ju ìbéèrè yìí lọ. Bí ó ti wù kí ọ̀gá tí ó kọ́ wa ní i lọ́lá tó, bí ó sì ti wù kí ibi tí ìwé rẹ̀ ti wá jìnnà tó, ó yẹ kí a lè bi í pé, kí ni ẹ̀rí rẹ̀? Ó sì yẹ kí a tún bi í pé, ara ta ni a ti rí ẹ̀rí náà? Orílẹ̀-èdè tí ó ti gba òmìnira láti 1960 kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá òun dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí títí láé.

Àwọn onímọ̀ ti fún irú iṣẹ́ yìí ní orúkọ. Wọ́n ń pè é ní ìtọ́jú tí ó dúró lórí ẹ̀rí. Ní 1996, David Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kì í ṣe pé kí dókítà gbé ọgbọ́n ara rẹ̀ tì, kí ó máa ka ìwé sí aláìsàn létí. Nǹkan mẹ́ta ni a ní láti so pọ̀: àbájáde ìwádìí tí ó dára jù lọ, ìrírí àti òye ẹni tí ń tọ́jú, àti ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Àwọn baba wa ní àárò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò lábẹ́ ìkòkò, kò ní pẹ́ tí yóò fi dojú dé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ènìyàn dúdú nìkan ni àṣà máa ń dè mọ́lẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, yàrá ìgbẹ̀bí méjì ni ó wà. Àwọn dókítà àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ó ń gbẹ̀bí ní ọ̀kan, àwọn obìnrin agbẹ̀bí ni ó wà ní èkejì. Ní 1846, obìnrin 4,010 ni ó bímọ lọ́dọ̀ àwọn dókítà, 459 nínú wọn ni ó sì kú. Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, 105 ni ó kú nínú 3,754. Àwọn ọ̀gá ìṣègùn ní afẹ́fẹ́ búburú ni ó fà á. Dókítà kan tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń fẹ́ sí yàrá méjèèjì.

Ní 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ dókítà fi ọwọ́ gba ọgbẹ́ ọ̀bẹ nígbà tí wọ́n ń la òkú. Àìsàn tí ó tẹ̀lé e jọ èyí tí ń pa àwọn ìyá náà, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Níbẹ̀ ni Semmelweis ti róye pé ọwọ́ tí àwọn dókítà fi ń la òkú ní òwúrọ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sídìí aboyún láìfọ̀ ọ́ dáadáa. Ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù kọ́kọ́ fi omi tí a po oògùn apakòkòrò mọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ní 1848, obìnrin 3,556 bímọ ní yàrá àwọn dókítà. 45 péré ni ó kú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ìgbà náà kò tẹ̀lé e. Inú bí wọn pé a ní ọwọ́ àwọn ni ó ń pa ènìyàn. Semmelweis kú ní 1865, ayé kò sì tíì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tán.

A mú ìtàn yìí wá nítorí ẹ̀kọ́ méjì. Èkíní, kíka iye òkú àti iye alààyè, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́, ni ó la ọ̀nà. Èkejì, ẹ̀rí lè wà nílẹ̀ kedere kí ènìyàn ṣì máa kú, bí àwọn tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn kò bá fẹ́ yí ìṣe wọn padà.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa ti òkè òkun mú gbogbo àpẹẹrẹ wa wá. Láti 1956 títí dé 1961, dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ìgbà tí a ti bí wọn. Wọ́n ń gbé wọn lé òṣùwọ̀n, wọ́n sì ń kọ àìsàn tí ó bá ṣe wọ́n sílẹ̀. Ọmọ tí oúnjẹ kò tó, ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dúró sójú kan kí ojú tó rí i pé ó ń rù. Nítorí náà, a ya ìlà ìwọ̀n sórí káàdì, ìyá a sì mú káàdì náà lọ sílé. Káàdì yìí kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Òyìnbó ni Morley, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn ìyá Ìmẹ̀sí ni a ti sọ àwọn ọmọ tí ó fún un ní ìmọ̀ náà kalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa mọ́ pé àjèjì ni ìwádìí jẹ́ sí wa.

Bí a bá kọ̀ láti ṣe ìwádìí tiwa, ewu wà níbẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, bí ibà líle bá mú ọmọdé tí ẹ̀jẹ̀ kò sì lọ geere nínú ara rẹ̀ mọ́, ohun tí ìwé ìlànà wí ni pé kí a yára fa omi púpọ̀ sí i ní iṣan. Kò sí ẹni tí ó ṣe ìwádìí ńlá láti mọ̀ bóyá yóò ṣe ọmọ Áfíríkà ní àǹfààní, ní ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn mí. Kathryn Maitland àti àwọn dókítà ilẹ̀ Kenya, Uganda àti Tanzania ni ó dán an wò. Ọmọ 3,141 ni wọ́n fi kèké pín. Àwọn kan gba omi púpọ̀ náà kíákíá. Àwọn yòókù kò gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n gba gbogbo ìtọ́jú mìíràn.

Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, ẹnu ya gbogbo ayé. Láàrin wákàtí 48, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó gba omi náà, nǹkan bíi mẹ́wàá ààbọ̀ ni ó kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tí kò gbà á, nǹkan bíi méje ni. Kíákíá ni a dá ìwádìí náà dúró. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti inú ọ̀rọ̀ yìí fi omi du ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu, nítorí pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwádìí náà, omi ni ó sì ń gbà wọ́n là. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ìtọ́jú tí a fi inú rere ṣe, tí a sì gbà láti ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, lè máa ṣe ọmọ wa ní ibi bí a kò bá wọ̀n ọ́n wò nílé. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ òmìnira, ẹ jẹ́ kí ó fi èyí kún un.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀. Títí di àìpẹ́ yìí, ojú lásán ni nọ́ọ̀sì àti dókítà fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ̀jẹ̀ a gbà sínú aṣọ, òmíràn a ṣàn sílẹ̀, òmíràn a pò mọ́ omi ara. Ojú a sì tan ènìyàn. Nígbà tí wọn yóò bá fi mọ̀ pé ó ti pọ̀jù, ara ìyá ti ń tutù. Lẹ́yìn náà, wọn a máa fún un ní ìtọ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan: wọn a lo oògùn kan, wọn a dúró wò ó, bí kò bá ràn án, wọn a wá òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ kò ní sùúrù láti dúró dè wọ́n.

Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Birmingham, pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn dókítà orílẹ̀-èdè mẹ́rin ní Áfíríkà, pinnu láti dán ọ̀nà mìíràn wò. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin náà ni Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní E-MOTIVE. Ilé ìwòsàn 80 ni ó kópa, obìnrin 210,132 sì ni ó bímọ níbẹ̀ nígbà náà láìṣe iṣẹ́ abẹ. Kèké ni wọ́n fi pín àwọn ilé ìwòsàn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń bá ìṣe rẹ̀ àtijọ́ lọ. Apá kejì gba ọ̀rá kan tí a ṣe bí àpò, tí a fa ìlà ìwọ̀n sí lára. A ó tẹ́ ọ̀rá yìí sí abẹ́ ìyá bí ó bá ti bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa kó sínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìwé kà yóò rí iye tí ó dé.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan ìlà tí a fi ṣe àmì ewu, nọ́ọ̀sì kò ní dúró de ọ̀gá. Ohun márùn-ún ni yóò ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: yóò fi ọwọ́ ra ilé ọmọ láti orí ikùn kí ó lè sún kì, yóò fún ìyá ní oògùn tí ń mú ilé ọmọ sún kì, yóò fún un ní oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, yóò fa omi sí i ní iṣan, yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní láti mọ orísun ẹ̀jẹ̀ náà, kí ó sì ké sí ẹni tí ó jù ú lọ bí kò bá dá. Gbogbo oògùn àti ohun èlò wọ̀nyí wà nínú àpótí kan tàbí lórí kẹ̀kẹ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má baà máa sá káàkiri wá kọ́kọ́rọ́ ní òru. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa rán àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ létí, wọ́n sì ń fi iye tí ó ṣẹlẹ̀ hàn wọ́n láti oṣù dé oṣù.

Ní 2023 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ní àwọn ilé ìwòsàn tí ó ń bá ìṣe àtijọ́ lọ, nǹkan bí ìdajì péré nínú àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ya ni a ṣàkíyèsí. Ní àwọn tí ó ń lo ọ̀rá náà, ó tó 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún ka iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn tó lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí a ní láti la ikùn wọn nítorí ẹ̀jẹ̀, àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ pa, wọ́n sì ro gbogbo wọn pọ̀. Níbi tí a ti ń ṣe ti àtijọ́, ó jẹ́ 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí a ti ń ṣe ti tuntun, ó jẹ́ 1.6. Ẹ ka iye méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi ni ó ṣe èyí, kì í sì ṣe oògùn tí a kò mọ̀ rí. Ọ̀rá ni, àti oògùn tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀, àti ètò. Ní ọdún kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àṣẹ sí i pé kí gbogbo ayé máa wọn ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe ìtọ́jú náà papọ̀.

Èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ìyá wa yóò kópa nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2017, èyí tí ó fi hàn pé oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì máa ń dín ikú kù bí a bá tètè lò ó. Wọ́n tún wà nínú èyí tí ó jáde ní 2018 lórí nǹkan bí obìnrin 29,600 ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, èyí tí ó fi hàn pé oògùn kan tí kò fẹ́ òtútù dára tó èyí tí a gbọ́dọ̀ fi sínú fíríìjì láti dènà ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin tí iná ń lọ mọ́ lójú lójoojúmọ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn ìyá wa ti gba pé kí a fi ara àwọn kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́. Gbèsè ni èyí jẹ́ lọ́rùn wa. Bí ìyá ní ilẹ̀ òkèèrè bá ń jàǹfààní ìmọ̀ náà, tí ìyá ní ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò tiwa sì ń kú nítorí pé ojú lásán ni a ṣì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ti rẹ́ àwọn tí ó kópa jẹ.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ìṣègùn yóò ní ìrírí àwọn kò ha já mọ́ nǹkan ni? Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Ọ̀kan nínú àárò mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó gbọ́n ni ẹni tí ó gbà kí a wọn ìrírí òun. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nọ́ọ̀sì kékeré tí ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti kan ìlà gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ sókè láìbẹ̀rù pé a ó bú òun pé ó ń kọ́ ọ̀gá níṣẹ́. Ẹ̀yà ọ̀wọ̀ tí ó bá ń pa aláìsàn kì í ṣe ọ̀wọ̀ ilẹ̀ wa.

Àwọn mìíràn yóò ní owó kò sí. Àwa náà kò sọ pé ẹ̀rí nìkan tó. Ìwádìí kò lè dí àyè nọ́ọ̀sì tí ó ti lọ sí òkè òkun, kò sì lè di ẹ̀jẹ̀ tí a ó fà sí ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ibi tí owó kò pọ̀ gan-an ni ó yẹ kí a ti mọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí kò ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn tí ó bá ń ra ohun tí kò wúlò ń fi owó oògùn tí ó wúlò ṣòfò. Tálákà sì ni ó ń san án, nítorí pé àpò ara rẹ̀ ni ó ti ń mú owó jáde kí a tó dá a lóhùn.

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ rí i pé ọ̀rá ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tí ó bá a rìn dé gbogbo ilé ìgbẹ̀bí, títí kan ti ìgbèríko, kí wọ́n sì fi wọ́n sínú owó ọdọọdún dípò kí a máa dúró de ẹ̀bùn àwọn àjèjì. Èkejì, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan máa ka iye ìyá tí ó bímọ àti iye tí ó kú, kí wọ́n jókòó wádìí ohun tí ó fa ikú kọ̀ọ̀kan láìwá ẹni tí wọn yóò di ẹrù lé lórí, kí wọ́n sì fi iye náà hàn fún ará ìlú. Ẹ̀kẹta, kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí máa kọ́ ọmọ wọn bí a ti ń ka ìwádìí àti bí a ti ń gbé e yẹ̀ wò, kí wọn má kàn máa há a sórí.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan kù tí ó jẹ́ tiyín. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ yìí ni a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, inú ìwé tí ìyá ọlọ́jà kò ní rí láé ni ó sì wà. Ẹ túmọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ṣe iṣẹ́ ìṣirò ní kíláàsì: 4.3 àti 1.6, kí àwọn ọmọ ṣírò iye ìyá tí ó wà láàrin méjèèjì bí 10,000 obìnrin bá bímọ. Ọmọ tí ó bá ṣe ìṣirò náà yóò rí 270, kò sì ní gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ó bá di nọ́ọ̀sì, kọmíṣọ́nà tàbí ọkọ ìyàwó. Ẹ kọ́ wọn pé bíbéèrè "kí ni ẹ̀rí rẹ̀?" pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kì í ṣe àfojúdi.

Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá àgbà tí ẹ ń sin aboyún lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, ẹ̀yin náà lè bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí àsìkò ìbímọ tó dé: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, báwo ni ẹ ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ níhìn-ín?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ojú ni, ẹ má ṣe bá nọ́ọ̀sì jà, nítorí pé òun kọ́ ni ó yẹ kí ó ra ọ̀rá. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà tọ káńsẹ́lọ̀ yín lọ, ẹ mú un tọ aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ, kí ẹ sì máa bi wọ́n léèrè títí tí ọ̀rá náà yóò fi dé.